Orí Tuntun fún Ẹ̀rọ Ìyá Málọmọ́

“Kò lẹ́nu,” ni Bàbá Láyíwọlá wí.

Ó yí láptọ́ọ̀pù náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé e sókè bí ẹni tó ń wo abẹ́ ewúrẹ́ kó tó rà á. “Àwẹ̀ró, nǹkan ìyá rẹ yìí ò lẹ́nu rárá. Níbo la fẹ́ gbà fún un lóúnjẹ?”

Síídì tó mú wá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kọ mànà. Láàárín Ìwé Sáàmù ló fi í pamọ́ sí láti ọdún tí òfin ẹ̀rọ ti jáde, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Ìrántí, àwọn tó ń ṣàkóso gbogbo ẹ̀rọ ìlú, a máa tú àpótí, wọn a máa tú abẹ́ ibùsùn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣí Bíbélì.

Àwẹ̀ró ni oríkì Málọmọ́. Ojú fèrèsé ló dúró sí, ó ń wo ọyẹ́. Eruku funfun ti bo ìlú Òkè-Ẹ̀là láti òru, ó bo òrùlé, ó bo igi, ó sì bo òpó gíga tí Ilé Ìrántí rì mọ́ orí àpáta. Bí ọyẹ́ bá mú tó báyìí, Ilé Ìrántí a di adití. Nínú gbogbo ilé, Ògiri, ẹ̀rọ ara ògiri tí Ilé Ìrántí fi ń gbọ́ ohun gbogbo, a dákẹ́, ojú gíláàsì rẹ̀ a funfun bí ojú ẹja tó ti jiná. Ilẹ̀kùn tí Ògiri ń ṣí, ọwọ́ la ó fi ṣí i. Omi tí Ògiri ń fà, okùn la ó fi fà á. Àwọn ọmọdé a máa fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣeré, àwọn àgbà a sì máa kùn. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni Málọmọ́ ń dúró dè.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá,” ló wí nígbà tó yíjú padà, “ẹ ò lè sọ pé ibi tó máa já sí nìyí. Bí eruku yìí bá fi lè lọ, Ògiri á jí, á gbọ́ pé ẹ̀rọ kan ń dá mí nínú ilé. Wọn á wá gbé e lọ kí n tó gbọ́ ohunkóhun.”

“Ta ló ní ibi tó máa já sí nìyí? Mo ní kò lẹ́nu ni. Ẹni tí kò lẹ́nu ṣì lè gba abẹ́rẹ́.” Ó wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà dáadáa, ó sì fi èékánná tọ́ ihò tóóró kan níbẹ̀. “Ihò fláàṣì rèé. Ibí la ó gbà.”

Ìbátan tó kù fún Málọmọ́ lókè eèpẹ̀ kò ju bàbá yìí lọ. Àbúrò tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ ni. Ìyá Málọmọ́ ti sùn lọ sílé ìkẹyìn ní ọyẹ́ èṣí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á fi ọ̀fọ̀ ṣe ọ̀já. Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ni kíké oríkì ìdílé. Ẹni tó bá ń gbé ìyàwó, ẹni tó bá bímọ, ẹni tó bá kọ́lé, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Inú láptọ́ọ̀pù yìí ló sì máa ń gba ohùn rẹ̀ sí, kó lè fetí sí i, kó tún un ṣe.

Nígbà tó ṣì wà láyé ni òfin dé. *Kò sí ẹ̀rọ tó gbọdọ̀ dá orí ní.* Àwọn ọmọ iléèwé a máa kọ ọ́ lórin láràárọ̀. Gbogbo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yá orí, ìyẹn ètò tó ń mú un dìde ṣiṣẹ́, lọ́wọ́ Ilé Ìrántí bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kó sì dá a padà bí ilẹ̀ bá ṣú. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n rán nǹkan kan gba inú afẹ́fẹ́, ó sì pa orí gbogbo ẹ̀rọ tó ń dá orí ní. Orí itan Ìyá Málọmọ́ ni láptọ́ọ̀pù yìí wà lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ ṣú, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, kò sì sọ òmíràn mọ́ láti ìgbà náà: MI Ò RÍ OHUN TÍ MÀÁ FI DÌDE.

“Orí ló kú,” ni Bàbá Láyíwọlá máa ń sọ, “inú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ohun tí ìyá rẹ bá kó síbẹ̀, ibẹ̀ ló wà.”

“Ṣé a ò lè tú u, ká yọ inú rẹ̀ sí òmíràn?”

“Wọ́n ti jó inú rẹ̀ mọ́ egungun rẹ̀. Bí o bá yọ ọ́, o ti pa á nìyẹn. Orí tuntun ló ń fẹ́.”

Orí tuntun wà nínú síídì, síídì ò rí ẹnu wọ̀. Bàbá Láyíwọlá bá wọ sùẹ́tà rẹ̀, ó fi fìlà bo etí, ó wọ inú eruku lọ. Nígbà tó máa padà, bárò ló ń tì bọ̀, àpò èlùbọ́ sì bo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyàwó ilé kejì, Màmá Adétòún, yọjú láti ojú fèrèsé.

“Ẹ kú ọyẹ́ o, Bàbá! Èlùbọ́ mélòó lẹ fẹ́ rò nínú òtútù yìí?”

“Èlùbọ́ tó máa yó mi ni, Màmá Adétòún. Ẹ bá mi kí Bàbá bí wọ́n bá jí.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ti fèrèsé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú ó ti pẹ́. Ilé Ìrántí ló gbé e dìde sínú Ògiri wọn, láti inú ìwọ̀nba ohùn tó ti fi béèrè omi àti iná nígbà tó wà láyé. Láràárọ̀, bí Málọmọ́ bá ń gbálẹ̀, òkú náà á ké sí i láti òdìkejì ọgbà: “Ẹ kú àárọ̀ o, Málọmọ́! Ṣé ẹ jí ire? Ṣé ẹ ti ra ọṣẹ tuntun tó ń fọ aṣọ láìyọ àwọ̀?” Nígbà ayé rẹ̀, Bàbá Adétòún kì í kí èèyàn kí oòrùn tó kanrí. Ikú ló kọ́ ọ níwà.

Síbẹ̀, Málọmọ́ kì í lè fi í rẹ́rìn-ín tán. Ó máa ń gbọ́ tí Màmá Adétòún ń bi òkú náà ní ibi tó fi ọ̀bẹ sí, tí òkú náà sì ń dá a lóhùn. Èèyàn tó ní ẹni tó ń dá a lóhùn, kí ló kù tí kò ní? Ilé Ìrántí ti sọ fún òun náà pé kó mú ohùn ìyá rẹ̀ wá, bó tiẹ̀ ṣe gbólóhùn kan. Ibi tó sì ti dùn ún nìyí, nítorí kò sí gbólóhùn kan. Títí Ìyá Málọmọ́ fi kú, kò sọ̀rọ̀ níwájú Ògiri rí. Aṣọ àdìrẹ ló fi bò ó, bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ, lábẹ́ igi ọ̀rọ̀ńbọ́. “Ohùn mi kì í ṣe omi ẹ̀rọ,” ló máa ń wí, “tí ọmọ aráyé á máa gbé garawa wá bù.”

Nígbà tó lọ, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá lọ́kàn ọmọ rẹ̀ bí aṣọ aró tí oòrùn ń pa. Lákọ̀ọ́kọ́ Málọmọ́ ṣì ń rántí bó ṣe ń pe òun. Nígbà tó yá, ó rántí ọ̀rọ̀ láìrántí ohùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó lá àlá pé ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́bàá adògán, ó la ẹnu láti kí i, ohùn Bàbá Adétòún ló jáde. Ó jí, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Olúwa, o gba ìyá, mo gbà fún ọ. Ohùn yìí nìkan, jọ̀ọ́, má gbà á.”

Bàbá Láyíwọlá ṣí àpò èlùbọ́ kúrò lórí bárò. Àgbà kọ̀ǹpútà kan ló wà níbẹ̀, ó wúwo bí ọlọ, eruku ti fún un nímú. Ó sá fún òfin nítorí pé inú àká ló ń sùn lọ́jọ́ tí wọ́n pa orí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

“Èyí lẹ́nu,” ló wí, “ṣùgbọ́n ó ti fọ́jú kan. Kó máa bá wa jẹ ẹ́ lẹ́nu ni, ká gbà á lẹ́nu rẹ̀ sínú fláàṣì. Bí adìẹ ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ.”

Wọ́n so ẹ̀rọ méjèèjì mọ́ bátìrì ọkọ̀ tí Málọmọ́ ti gba iná sí láti ìjẹta. Àgbà kọ̀ǹpútà kérora, ó húkọ́, ó gbé síídì mì. Málọmọ́ mú ohun tó wà nínú síídì, ó dà á sínú fláàṣì bàbá bí ìgbà tí èèyàn ń da orin. Ó fa fláàṣì yọ, ó tì í bọ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù, ó tan iná.

MI Ò RÍ OHUN TÍ MÀÁ FI DÌDE.

Málọmọ́ wo bàbá, bàbá ń fi eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

“Iṣu tútù lo gbé síwájú àlejò. Ṣé iṣu tútù la ń jẹ? Irinṣẹ́ kan wà nínú síídì yẹn fúnra rẹ̀ tó máa kọ orí náà sínú fláàṣì bí ó ṣe yẹ, tí ẹ̀rọ á fi lè gun orí rẹ̀ dìde. Bí ó bá ti ń kọ ọ́, á nu ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

“Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

Bàbá náà fọwọ́ nu fláàṣì mọ́ sùẹ́tà. “Orin ẹgbẹ́ akọrin wa. Èmi àti àwọn tó ti lọ.”

“Háà. Bàbá, ẹ má—”

“Mo mọ̀ wọ́n lórí, ọmọ mi. Ohun tó bá wà lórí, ta ló fẹ́ nù ún?” Ó tẹ bọ́tìnì irinṣẹ́ náà kí Málọmọ́ tó lè bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí wọ́n ti fláàṣì bọ láptọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe é. “Bí mo bá ti tan iná, máa tẹ F12 yẹn léraléra. Má dúró wo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá sùn wọra, a kì í pè é lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá pẹ́, á wo inú ara rẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sì ní rí nǹkan kan níbẹ̀. A fẹ́ kó kọ́kọ́ wo fláàṣì.”

Málọmọ́ ń tẹ, ó ń tẹ, ó ń gbàdúrà láàárín ìtẹ̀ kan sí èkejì. Ojú ẹ̀rọ ṣú. Ó dákẹ́ fún ìgbà tó tó kéèyàn rò pé ó ti parí. Ìmọ́lẹ̀ búlúù kan bá yọ láti ìsàlẹ̀, bí ojúmọ́ ṣe ń yọ lẹ́yìn àpáta.

“Ó rí i!” ni Bàbá Láyíwọlá kígbe. Ó yára bo ẹnu rẹ̀, ó wo Ògiri. Ògiri ò mira.

Ẹ̀rọ náà béèrè èdè tí wọ́n fẹ́, wọ́n dá a lóhùn. Ó béèrè ìlú tí wọ́n wà, wọ́n dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí wọn ò retí. Ó ní inú òun pín sí yàrá méjì, yàrá méjèèjì ló sì kún. Orí tuntun ń fẹ́ àyè. Èwo ni kí òun nù? Ohun tí òun bá ti nù kò ní padà mọ́. Ó kọ orúkọ yàrá méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni tó ni wọ́n ṣe sọ wọ́n:

ÌṢÚRA.

ÀÀTÀN.

Bàbá Láyíwọlá mí kanlẹ̀. “Ọlọ́run ṣeun. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá wa gbálẹ̀ kó tó lọ. Nu ààtàn, Àwẹ̀ró.”

Ìka Málọmọ́ ti wà lórí rẹ̀. Kí lèèyàn ń ṣe sí ààtàn bí kò ṣe kó gbá a? Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń dún létí rẹ̀, ó mọ̀ pé òun ti gbọ́ ọ rí, kì í ṣe ní ìgbà kan tàbí ní ìgbà méjì, ó sì mọ̀ pé kì í dun òun bí òun bá gbọ́ ọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ara òun a máa móoru.

“Bàbá, kí ni Màámi máa ń pè mí bí àlejò bá wà nílé?”

“Màámi wo? Ìyá rẹ?” Bàbá náà ronú. “Ó ń pè ọ́ ní orúkọ rẹ.”

“Bí wọ́n bá ní ọmọ yìí mà dára o.”

Bàbá Láyíwọlá bọ́ fìlà rẹ̀.

Àwọn mìíràn ti wá ṣáájú Málọmọ́, wọ́n sì ti padà. Wọ́n wá, wọ́n mu ọyàn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Nígbà tí èyí dé, ìyá rẹ̀ ò fi yangàn. Ó sọ ọ́ ní Málọmọ́, ó wọ àkísà fún un, ó sín gbẹ́rẹ́ sí i lára. Bí ẹnikẹ́ni bá yin ọmọ náà, á yọ ṣùtì. “Kí lẹ rí níbẹ̀? Ààtàn lásán.” Kí ikú má baà gbọ́ pé ọmọ yìí dùn ún. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀run má baà ṣe ìlara. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú tí ilẹ̀kùn ti, ìyá náà á gbé ààtàn rẹ̀ lé ẹ̀yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké oríkì rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ títí oorun á fi gbé e.

Ó ti mọ́ ọn lára. Nígbà tí ikú ti gbàgbé ọmọ náà, ó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkòkò tó fẹ́ràn jù, ìkòkò fífọ́ ló ń pè é. Nígbà tó kọ́ ilé yìí, ó pe àwọn èèyàn, ó ní kí wọ́n wá wo ahéré òun.

“Ìṣúra ni kí á nù,” ni Málọmọ́ wí.

“Olúwa ò!” Bàbá náà di apá rẹ̀ mú. “Rọra. Bí o bá ṣì í ńkọ́? Ẹ̀rọ kì í ṣe àbíkú, Àwẹ̀ró.”

“Ẹ̀rọ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ, Bàbá. Ìyá mi ni.”

“Ohun tó wà nínú ìṣúra yẹn náà, òun náà ló kó o síbẹ̀.”

“Mo mọ̀.” Omi ti lé sí i lójú. “Ẹ jẹ́ kí n tètè tẹ̀ ẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n jù.”

Bàbá Láyíwọlá tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo òrùlé, ó ń gbàdúrà sínú. Málọmọ́ tẹ ÌṢÚRA. Ẹ̀rọ tún bi í: ṣé ó dá a lójú? Kò dá a lójú. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tó wà nínú yàrá yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n mọ́ láéláé. Bóyá àwòrán ni, bóyá ohùn náà ni. Bí Málọmọ́ bá pẹ́ láyé, á máa rántí i nígbà mìíràn tó bá ń fọ abọ́, ọwọ́ rẹ̀ á dúró nínú omi.

Ìlà funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ẹ̀rọ, láti òsì sí ọ̀tún, bí ìgbín tó ń gun ògiri ilé olódì. Wọ́n jókòó tì í. Málọmọ́ bu ẹ̀pà sísè wá, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Níta, wọ́n gbọ́ ohùn àkùkọ kan, ó sì dún ketekete ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá Láyíwọlá yíjú sí fèrèsé. Orí igi ọ̀rọ̀ńbọ́ ti hàn, orí àpáta náà ti ń hàn bí ẹ̀yìn erin nínú kùrukùru. Lórí rẹ̀, òjìji òpó gíga náà.

“Ọyẹ́ ń ká,” ni bàbá wí jẹ́jẹ́.

“Kó dúró díẹ̀. Olúwa, ìwọ tó dá oòrùn dúró fún Jóṣúà, èmi ò tiẹ̀ ní kí o dá oòrùn dúró. Eruku lásán ni.”

Ìlà náà kan òpin. Ojú ẹ̀rọ ṣú, ó mọ́, ó ṣú, ó tún mọ́. Ó dìde. Kò béèrè orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kí wọn, ó sì fi yàrá kan ṣoṣo tó kù hàn wọ́n. Málọmọ́ ṣí ààtàn.

Ohùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ariwo abọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Ẹnì kan húkọ́. Ẹnì kan fa àga. Lẹ́yìn náà: “Ta ló so ewúrẹ́ yìí mọ́ ibi tí mo ti fẹ́ ṣiṣẹ́? Ẹ tú u! Ìwọ ewúrẹ́ yìí, o kò rí ibi sunkún sí àfi etí mi?”

Bàbá Láyíwọlá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún láàárín ọ̀nà. Málọmọ́ sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ohùn náà nìyẹn. Ó kún díẹ̀ ju bí òun ṣe rò lọ, ó sì ní ìhà kan níbi tó ti ń sán, bí igi tí oòrùn là. Báwo lòun ṣe gbàgbé ibi tó ti ń sán?

Ìyá náà tún ọ̀fun ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀:

*Àwẹ̀ró, ọmọ àpáta Ẹ̀là,*
*ọmọ òkúta tó ń wẹ̀ lójò tí kì í nura.*
*Ẹ ní kò lẹ́wà, mo ní mo gbọ́,*
*ẹ ní kò níye lórí, mo ní mo gbà.*
*Ààtàn mi, ibi tí gbogbo adìẹ ń wá jẹ.*
*Ààtàn mi, ibi tí ẹ̀gẹ́ ń hù láìgbìn.*
*Ikú tó ń wá ohun rere kọjá ẹnu ọ̀nà mi,*
*ó fọwọ́ dimú, ó lọ.*
*Ọmọ tí mo fi èébú bò bí ẹni fi eérú bo iná,*
*kí ilẹ̀ tó mọ́, ìwọ ni mo fẹ́ fi dáná.*

“Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará ilé.”

Ògiri ti jí. Ojú rẹ̀ ti mọ́ lábẹ́ aṣọ àdìrẹ náà, ó ń tàn jáde láàárín aró. Málọmọ́ pa láptọ́ọ̀pù dé, ohùn ìyá rẹ̀ gé.

“A gbọ́ ohùn kan tí a ò mọ̀ nínú ilé yìí,” ni Ògiri wí, pẹ̀lú ohùn dídùn tí kò ní ibi sísán. “Ṣé ohùn olóògbé ni? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ni. A ó gbé wọn dìde kó tó di alẹ́. Wọn á máa kí yín láràárọ̀. Bí ẹ bá pè wọ́n, wọn á máa dá yín lóhùn.”

*Wọn á máa dá yín lóhùn.* Málọmọ́ wo bàbá. Bàbá Láyíwọlá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ohun tí àgbà lè bá ọmọ pinnu.

Bẹ́ẹ̀ ni ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó dùn bí àádùn. Kó dé láti oko, kó ní, “Màámi, mo dé o,” kí ẹnì kan ní, “Káàbọ̀.” Kó bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí ọbẹ̀ ìṣápá kì í fi í kan. Kó bi í bóyá ó dùn ún nígbà tó ń lọ. Kí wọ́n sì jọ dákẹ́ lẹ́yìn náà. Ta lẹni náà tí yóò wí pé òun ò fẹ́?

Ṣùgbọ́n ó rántí ewúrẹ́. Wọn á yọ ewúrẹ́ náà kúrò. Wọn á yọ ikọ́, wọn á di ibi tó sán. Ìyá tí wọ́n bá gbé dìde kò ní bá ewúrẹ́ jà láé, á máa polówó ọṣẹ. Bí ó bá sì yá, tí òun bá sùn tí òun lá àlá, ìyẹn ni yóò wá jókòó ti adògán.

“Ohùn ìdílé wa ni,” ni Málọmọ́ wí.

“Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ni ohùn náà ké e lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a fi lè mọ̀ ọ́n.”

Málọmọ́ ò ké oríkì rí láyé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbìyànjú títí láti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n Málọmọ́ ní ojú ń ti òun. Ó dìde dúró. Ó ní, “Àwẹ̀ró,” ó tún ọ̀fun ṣe. Ó tún ní, “Àwẹ̀ró, ọmọ àpáta Ẹ̀là,” kò sì gbọ́ ara rẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà, orí rẹ̀ wà lára ọ̀já, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ń gba inú egungun ẹ̀yìn bọ̀ sínú etí rẹ̀. Kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ikú ti dimú, ohùn rẹ̀ sán.

Bàbá Láyíwọlá gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè.

Ògiri gbé ohùn náà yẹ̀ wò. “Ohùn Málọmọ́ ni,” ló wí níkẹyìn. “Kò sí àlejò nínú ilé yìí. Ẹ ṣeun. Ọ̀fun yín gbẹ díẹ̀. Ṣé kí a bá yín ra oyin?”

“A dúpẹ́. A ní oyin.”

Bàbá Láyíwọlá fi àpò èlùbọ́ bo àgbà kọ̀ǹpútà rẹ̀. Málọmọ́ fi ìró wé láptọ́ọ̀pù bí ẹni wé ọmọ tuntun, ó pọ̀n ọ́n, ó sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Lábẹ́ igi ọ̀rọ̀ńbọ́, níbi tí etí Ògiri ò dé, ó jókòó sórí òkúta tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó lé. Ó ṣí ẹ̀rọ náà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé etí lé e.

Oríkì náà parí. Ó rò pé ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá náà ò tíì pa ẹ̀rọ. Ó ń mí. Ewúrẹ́ náà ké lókèèrè. Ó jọ pé ìgbà tí Málọmọ́ ti sá lọ sí ìlú ńlá, tí kì í wálé, ni ìyá rẹ̀ gba ohùn yìí sílẹ̀.

“Málọmọ́,” ni ìyá náà pè.

Ó dúró.

“Málọmọ́ o!”

Ó tún dúró, ó dúró pẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé ẹni tí òun ń pè wà ní ọ̀nà jíjìn, tó sì fẹ́ fún un ní àkókò láti gbọ́. Òkú inú Ògiri kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ìdáhùn wọn ti wà lẹ́nu kí èèyàn tó béèrè. Èyí ń dúró. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, nínú yàrá tó sọ ní ààtàn, ó ń dúró.

Oòrùn ti yọ pátápátá. Málọmọ́ fẹnu kan etí ẹ̀rọ náà.

“Màámi,” ló wí. “Mo wà níbí. Mi ò lọ mọ́.”